Ọ̀rọ̀ Dúkìá Àpatì ní Port Harcourt Lẹ́yìn Ogun Abẹ́lé Nàìjíríà

“Dúkìá àpatì” ni orúkọ tí ìjọba fún ilé, ilẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ tí àwọn tí ogun lé kúrò ní ibùgbé wọn fi sílẹ̀ nígbà Ogun Abẹ́lé Nàìjíríà (1967–1970). Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù lọ ni Port Harcourt, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Rivers. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé àwọn Ìgbò ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba, tí a sì ta púpọ̀ nínú wọn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ onílé. Àwọn onílé náà kò dákẹ́. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, wọ́n fara hàn níwájú ìgbìmọ̀, wọ́n sì lọ sí ilé-ẹjọ́, fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Orí ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo àríyànjiyàn náà dúró lé: ẹni tí ó sá àsálà fún ẹ̀mí rẹ̀, ǹjẹ́ a lè sọ pé ó pa ilé rẹ̀ tì?

Ilẹ̀ oko tí ó di ìlú

Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, oko ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí Port Harcourt wà lórí rẹ̀ lónìí. Àwọn ará Diobu, tí wọ́n jẹ́ ara ẹ̀yà Ikwerre, ni wọ́n ń dáko níbẹ̀. Ní ọdún 1909 ni a rí èédú ní agbègbè Udi, ìjọba amúnisìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá èbúté tí ọkọ̀ òkun yóò ti máa gbé èédú náà. Etí Odò Bonny ni wọ́n yàn. Ní ọdún 1913 ìjọba gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ àwọn ará Diobu, Frederick Lugard sì fi orúkọ Lewis Harcourt, mínísítà tí ó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ amúnisìn ní London, sọ ibùdó tuntun náà. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1916, ojú irin ti so èbúté náà mọ́ Enugu.

Ẹ̀dùn-ọkàn àkọ́kọ́ lórí ilẹ̀ Port Harcourt nìyí, ó sì ti wà ṣáájú ogun. Àwọn ará Diobu fi ọ̀pọ̀ ọdún tako ọ̀nà tí a gbà gba ilẹ̀ oko wọn àti owó tí a san lé e. Lójú tiwọn, ilẹ̀ àwọn baba ńlá wọn ni ìjọba sọ di tirẹ̀, tí ó sì ń pín fún àlejò. Bí a kò bá fi èyí sọ́kàn, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ogun kò ní yé wa dáadáa.

Ojú irin àti èbúté ni ó pe àwọn èrò wá. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Ìgbò láti òkè odò, láti agbègbè bí Owerri, Orlu àti Onitsha. Òṣìṣẹ́ ojú irin wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni oníṣòwò, akọ̀wé, olùkọ́ àti oníṣẹ́ ọwọ́. Ìjọba fún wọn ní ìwé ìyálò ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì kọ́lé sórí rẹ̀. Ilé wọ̀nyí kì í ṣe ibùsùn lásán. Nínú ilé oníyàrá púpọ̀, onílé a máa gbé yàrá kan tàbí méjì, a sì fi ìyókù yá ayálégbé. Nínú owó ilé náà ni owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ti ń jáde, òun náà sì ni onílé gbójú lé fún ọjọ́ ogbó. Nígbà tí òmìnira ń bọ̀, àwọn Ìgbò ni wọ́n pọ̀ jù ní ìlú náà, àwọn ni wọ́n sì ń darí ìgbìmọ̀ ìlú. Richard Nzimiro, ọmọ Oguta, ni ó di olórí ìlú àkọ́kọ́ ní ọdún 1956.

Ọdún yẹn kan náà ni a rí epo rọ̀bì ní Oloibiri. Iyì ilẹ̀ ga sí i. Àwọn ẹ̀yà tí kò pọ̀ ní Ìlà-Oòrùn ti ń ké pé àwọn Ìgbò ti gba gbogbo ipò mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìgbìmọ̀ Willink, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yàn ní ọdún 1957 láti ṣe ìwádìí ìbẹ̀rù àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí, gbọ́ ẹ̀sùn wọn, ṣùgbọ́n ìròyìn rẹ̀ ní ọdún 1958 kò dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ní oṣù Kejì ọdún 1966, Isaac Adaka Boro àti àwọn ọ̀dọ́ tí ó tẹ̀ lé e gbé ìbọn, wọ́n sì kéde orílẹ̀-èdè Niger Delta. Ọjọ́ méjìlá péré ni ó fi dúró.

Ogun dé

Ìpànìyàn tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará Ìlà-Oòrùn ní Àríwá Nàìjíríà ní ọdún 1966 lé ọ̀pọ̀ Ìgbò padà sí ilẹ̀ wọn. Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, Ọ̀gágun Yakubu Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ méjìlá. Ìpínlẹ̀ Rivers jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, Alfred Diete-Spiff sì ni a fi ṣe gómìnà ológun rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ọ̀gágun Chukwuemeka Odumegwu Ojukwu kéde Biafra. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Keje.

Port Harcourt wà lábẹ́ Biafra fún nǹkan bí ọdún kan. Ní àkókò yẹn, ìfura wọ àárín àwọn ará ìlú. Àwọn ọmọ Rivers kan ni a fura sí pé wọ́n ń ran ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́. A fi àwọn kan sẹ́wọ̀n, a sì kó àwọn mìíràn kúrò ní abúlé wọn lọ sí àgọ́ àwọn tí ogun lé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1968, àwọn ọmọ ogun àpapọ̀ tí Benjamin Adekunle, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ń darí gba ìlú náà. Bí ìró ìbọn ti ń sún mọ́ ìlú ni àwọn Ìgbò ń sá, ẹlòmíràn pẹ̀lú ẹrù tí ó lè rù lórí nìkan. Wọ́n forí lé Aba, Owerri àti Umuahia. Aba àti Owerri náà bọ́ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, Umuahia sì tẹ̀ lé wọn ní oṣù Kẹrin ọdún 1969. Ìdílé kan lè sá lẹ́ẹ̀mẹta kí ogun tó parí. Kò sí èyí tí ó ta ilé rẹ̀ kí ó tó lọ, kò sì sí èyí tí ó kọ̀wé pé òun kò fẹ́ ẹ mọ́.

Láti títọ́jú dé títà

Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, Èkó ni ìjọba Rivers ti kọ́kọ́ jókòó. Nígbà tí ó dé Port Harcourt, ó bá ilé tí ó ṣófo lọ́tùn-ún lósì, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò sì ní ibùgbé. Ní ọdún 1969, ìjọba náà ṣe òfin kan lórí dúkìá àpatì. Ohun tí àkọlé òfin náà sọ ni títọ́jú àti àbójútó. A dá àjọ kan sílẹ̀ láti ṣe iṣẹ́ yìí. Àjọ náà fi ènìyàn sínú àwọn ilé náà, ó sì ń gba owó ilé.

Títí dé ibi yìí, ọ̀rọ̀ náà kò tíì burú. Ilé tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀ nígbà ogun a máa di ibùba olè, ó sì lè wó. Bí ìjọba bá gbà á tọ́jú, tí ó kọ orúkọ onílé sílẹ̀, tí ó sì fi owó ilé pamọ́ dè é, ire ni ó ṣe. Ẹni tí a fi ilé ṣọ́ ni ìjọba jẹ́. Ṣùgbọ́n ogun parí ní ọjọ́ 15 oṣù Kínní ọdún 1970. Gowon kéde pé kò sí aṣẹ́gun, kò sì sí ẹni tí a ṣẹ́gun. Àwọn onílé bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá, wọ́n sì bá ẹlòmíràn nínú ilé wọn. Ìjọba Rivers kò fi ilé sílẹ̀ fún wọn. Onílé ti dé, síbẹ̀ dúkìá rẹ̀ ṣì ń jẹ́ àpatì.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni ọ̀rọ̀ títọ́jú ń di ọ̀rọ̀ títà. Lẹ́yìn tí Murtala Muhammed gba ìjọba ní oṣù Keje ọdún 1975, ìjọba àpapọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ náà. A gbé ìgbìmọ̀ dìde láti yanjú rẹ̀. Lára àwọn tí a fi ṣe alága fún iṣẹ́ náà ni ọ̀dọ́ ọmọ ogun kan, David Mark, tí yóò di Ààrẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ní ọdún 2007. Díẹ̀ nínú àwọn ilé náà padà sọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ ni a tà, a sì ní kí onílé gba owó gbà-má-bínú. Ẹni tí ó ra ilé ń fi iye tí ìjọba dá rà á. Ẹni tí ó ni ilé kò sí níbi tí a ti ń dá iye náà, kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé òun kò tà.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1979, nígbà tí ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ìjọba ológun gbé àkóso lé Shehu Shagari lọ́wọ́, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin lórí dúkìá àpatì. Òfin náà fi òǹtẹ̀ lu títà tí ó ti ṣẹlẹ̀. Nípa báyìí, ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìtọ́jú nígbà ogun di pípàdánù títí láé ní àkókò àlàáfíà.

Ohun tí ìjọba Rivers rò

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn ọmọ Rivers náà ní ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ tuntun ni Port Harcourt, síbẹ̀ ọmọ ìpínlẹ̀ náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ilé nínú rẹ̀. Wọ́n ní bí gbogbo ilé bá padà sọ́wọ́ àwọn tí ó ni wọ́n ṣáájú ogun, ayálégbé ni àwọn yóò tún jẹ́ lórí ilẹ̀ baba wọn. Wọ́n rántí ilẹ̀ oko Diobu. Wọ́n tún rántí ìyà tí ó jẹ wọ́n lábẹ́ Biafra. Ken Saro-Wiwa, tí ó wà nínú ìgbìmọ̀ ìṣàkóso Rivers lẹ́yìn tí a dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀, kọ ìwé On a Darkling Plain ní ọdún 1989 láti sọ ìtàn ogun náà bí àwọn ẹ̀yà tí kò pọ̀ ti rí i.

Ẹ̀dùn-ọkàn wọ̀nyí kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀. Ìjọba amúnisìn ni ó gba ilẹ̀ oko Diobu, kì í ṣe òṣìṣẹ́ ojú irin tí ó gba ìwé ìyálò lọ́wọ́ ìjọba tí ó sì fi owó iṣẹ́ rẹ̀ kọ́lé. Bí a bá fẹ́ ṣe àtúnṣe fún àwọn ará Diobu, ìjọba ni gbèsè náà wà lọ́rùn rẹ̀. A fi ilé ẹlòmíràn san án. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àwọn àgbẹ̀ tí ó pàdánù oko wọn ni ilé náà bọ́ sí lọ́wọ́ ní gbogbo ìgbà. Àwọn tí ó sún mọ́ ìjọba ni irú ọjà bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ kàn.

Ohun tí àwọn onílé ń bèèrè

Ìbéèrè àwọn tí ó tako títà náà kò yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò pa ilé tì, ogun ni ó lé àwọn. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe ọ̀tá láti ilẹ̀ òkèèrè, nítorí ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ jálẹ̀ ogun pé ọmọ Nàìjíríà ni àwọn àti pé Nàìjíríà kan ni òun ń jà fún. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀tọ́ ọmọ Nàìjíríà lórí ilé rẹ̀ kò lè sọnù nítorí pé ó sá fún ìbọn.

Àkókò tí ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí ni ó mú kí ìpalára rẹ̀ pọ̀. Lẹ́yìn ogun, ìjọba àpapọ̀ pinnu pé ẹni tí ó ní owó ní báǹkì ní agbègbè Biafra yóò gba 20 pọ́n-ùn, iye yòówù tí ó ti fi pamọ́ síbẹ̀. Owó Biafra tí àwọn ènìyàn ní lọ́wọ́ sì ti di bébà lásán. Ní ọdún 1972, ìjọba ṣe òfin pé kí àwọn òyìnbó ta ìpín nínú ilé-iṣẹ́ wọn fún ọmọ Nàìjíríà. Ẹni tí kò ní owó kò lè rà. Ilé ní Port Harcourt ni ohun kan ṣoṣo tí ó ṣẹ́ kù fún ọ̀pọ̀ ìdílé tí wọn ìbá fi tún ayé wọn bẹ̀rẹ̀. Wọn ìbá gba owó ilé, wọn ìbá fi í yáwó ní báǹkì, wọn ìbá sì fi rán ọmọ padà sí ilé-ìwé. Nítorí náà, kì í ṣe ògiri nìkan ni títà náà gbà lọ́wọ́ wọn.

Àwọn onílé tún máa ń tọ́ka sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Ní Kano, Kaduna àti àwọn ìlú mìíràn ní Àríwá, níbi tí ẹ̀jẹ̀ àwọn Ìgbò ti ṣàn ní ọdún 1966, ọ̀pọ̀ onílé padà wá bá ilé wọn, a sì fún àwọn kan ní owó ilé tí a ti gbà pamọ́ dè wọ́n. Ní Èkó náà, ọ̀pọ̀ ni ó ròyìn pé aládùúgbò tàbí ayálégbé tọ́jú ilé àti owó ilé de àwọn. Èyí fi hàn pé títọ́jú láìtà kì í ṣe ohun tí kò ṣeé ṣe. Ìyàtọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fojú fò: kò sí ẹ̀yà kan ní Kano tàbí Èkó tí ó gbà pé ìlú òun ti bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́ pátápátá. Ibi tí ìbẹ̀rù yẹn ti lágbára jù ni dúkìá àlejò kò ti rí ààbò.

Níwájú adájọ́ àti ìgbìmọ̀

Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ lórí dúkìá àpatì wọ ilé-ẹjọ́, àwọn kan sì dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Èyí tí a mọ̀ jù kò ti Port Harcourt wá, Èkó ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ojukwu, tí Shagari foríjì ní ọdún 1982, padà sí ilé kan ní Ìkòyí tí ìdílé rẹ̀ ń sọ pé tàwọn ni. Ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó lé e jáde ní ọdún 1985 nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì wà níwájú adájọ́. Ní ọdún 1986, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ bá ìjọba wí. Ó ní bí ọ̀rọ̀ bá ti dé ilé-ẹjọ́, ìjọba kò gbọdọ̀ fi agbára ṣe ìdájọ́ fúnra rẹ̀, nítorí pé abẹ́ òfin ni òun náà wà. Ìdájọ́ yìí kò dá ilé kankan padà ní Port Harcourt, ṣùgbọ́n ó ti di òpó kan nínú òfin Nàìjíríà, àwọn agbẹjọ́rò sì ń tọ́ka sí i títí di òní.

Adájọ́ Chukwudifu Oputa wà lára àwọn tí ó dá ẹjọ́ yẹn. Nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé ní ọdún 1999, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ tí yóò wádìí títẹ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn lójú. Ẹgbẹ́ Ohanaeze Ndigbo gbé ìwé ẹ̀sùn lọ síwájú ìgbìmọ̀ náà, ọ̀rọ̀ dúkìá àpatì sì wà nínú rẹ̀. Àwọn aṣojú Rivers dáhùn, wọ́n sì ka ìyà tiwọn náà. Fún ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń wo ìjókòó náà lórí tẹlifíṣọ̀n, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ẹnu ìhà méjèèjì. Ìgbìmọ̀ náà fi ìròyìn rẹ̀ lélẹ̀ ní ọdún 2002, ṣùgbọ́n ìjọba kò gbé e jáde fún gbogbo ènìyàn.

Ipa tí ó fi sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ Port Harcourt yí ìwà àwọn ènìyàn padà. Láàárín àwọn Ìgbò, ọ̀rọ̀ “aku ruo ulo”, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kí ọrọ̀ dé ilé, gba agbára tuntun. Ẹni tí ó là ní Èkó tàbí Kano gbà pé òun gbọ́dọ̀ kọ́lé sí abúlé rẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tí yóò gbé inú rẹ̀ ju ìgbà Kérésìmesì lọ. Ní ìhà kejì, ìbéèrè nípa ta ni ọmọ onílẹ̀ àti ta ni àlejò ṣì le ní Port Harcourt. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978, tí ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ gómìnà, sì mú kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà tí ó kọ́lé sí ìpínlẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ gbára lé òdodo ìjọba ibẹ̀.

Ayé ti túbọ̀ ní òye nípa ẹ̀tọ́ àwọn tí ogun lé. Ìwé àdéhùn tí Ìṣọ̀kan Áfíríkà fọwọ́ sí ní Kampala ní ọdún 2009, tí Nàìjíríà gbà wọlé ní ọdún 2012, ní kí ìjọba dáàbò bo dúkìá tí àwọn tí a lé kúrò nílé fi sílẹ̀, kí ó sì ṣètò ọ̀nà tí a ó fi parí ìjà lórí rẹ̀. Bí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ bá ti wà ní ọdún 1970, àwọn onílé Port Harcourt ìbá ní ohun tí wọn yóò tọ́ka sí.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì di ìtàn àtijọ́. Láti ìgbà tí ìjà Boko Haram ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní Borno àti àwọn ìpínlẹ̀ tí ó yí i ká ti fi oko sílẹ̀ sá lọ sí àgọ́. Àwọn kan ti pẹ́ níbẹ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ, púpọ̀ nínú wọn kò sì ní ìwé lórí ilẹ̀ tí wọ́n ń dáko sí. Yorùbá ní àjò kò dùn kí onílé má relé. Nígbà tí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ bá ń padà, ohun mẹ́ta tí ó ṣìnà ní Port Harcourt ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò: kí a má ṣe pe ohun tí onílé sá fi sílẹ̀ ní àpatì, kí ẹni tí ó gbà á tọ́jú má ṣe tà á, kí a má sì ṣe fi dúkìá ẹlòmíràn san gbèsè tí ìjọba jẹ àwọn tí ó ni ilẹ̀.